Ọgbẹ́ ọkàn ọmọ ilé-ìwé: Ohun tí ọ̀dà àti pépà lè ṣe

Lọ́jọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan lọ́nà nítòsí Ẹmùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́ wọn wọgbó lọ. Ọjọ́ 4, oṣù kejì, ni wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Gbogbo ìlú yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ dé ilé, ọ̀tọ̀ ni kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọmọ tí ó ti rí ìbọn lójú lè máa ta gìrì lóru, kí ìró ọ̀kadà máa já a láyà, kí ó sì kọ̀ láti wọ ọkọ̀. Òmíràn a dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Òmíràn a di oníjà. Òbí a ní oríkunkun ni, olùkọ́ a ní ọ̀lẹ ni, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ ọkàn ni. Kì í sì í ṣe ìjínigbé nìkan ló ń fa irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀: ikú òbí, jàǹbá ọkọ̀ àti ìfipábánilòpọ̀ náà ń fà á.

Ohun tí ẹ̀rù bá gbé pamọ́ sínú ọpọlọ kì í sábà jẹ́ ìtàn tó gún régé. Àwòrán, ariwo àti òórùn ló máa ń jẹ́. Ìdí nìyí tí ìbéèrè bíi "Kí ló ṣẹlẹ̀?" fi ń di ọmọ lẹ́nu. Bí ó bá yà á sórí pépà, ohun náà ti wà níwájú rẹ̀. Ó lè wò ó, ó lè fi ọ̀dà bò ó, ó sì lè fà á ya. Nínú igbó, àwọn ajínigbé ló ń pàṣẹ fún un. Lórí pépà, òun ni ọ̀gá.

Ọ̀nà ìtọ́jú yìí ti pẹ́. Ọdún 1942 ni Adrian Hill, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyàwòrán ràn lọ́wọ́ nígbà tí ikọ́ ife dá a dùbúlẹ̀, fún un ní orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é títí dòní. Lọ́dún 1942 yìí kan náà ni wọ́n kó Friedl Dicker-Brandeis, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ Júù, lọ sí àgọ́ Terezín ní ilẹ̀ Czech. Ohun èlò ìyàwòrán ló fi kún ẹrù rẹ̀, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Wọ́n pa á ní Auschwitz lọ́dún 1944, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 4,500 àwòrán tí àwọn ọmọ náà yà ṣẹ́ kù. Lọ́dún 2019, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tẹ àbájáde àyẹ̀wò ìwádìí tó lé ní 3,000 jáde, ó sì fi hàn pé iṣẹ́ ọnà ń ran ìlera ara àti ti ọkàn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ọnà kì í ṣe àjèjì ní gúúsù Èkìtì. Ìsẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀, àgbà agbẹ́gilére tó kú lọ́dún 1938, gbé ṣiṣẹ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ó sì ya bí ọba ṣe gba aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lálejò sí i lára. Ilẹ̀kùn náà ti wà ní British Museum, Lọ́ńdọ́ọ̀nù, láti ọdún 1924. Ohun tí ojú ìlú rí ni Ọlọ́wẹ̀ fi igi sọ. Ìkẹ́rẹ́ kan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wà, èyí tó ti di Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ilé-ìwé lọ́rẹ kò nílò owó ńlá: pépà, pẹ́ńsù, kíréyọ̀nù, ọ̀dà olómi àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó. Níbi tí kò bá sí, èédú, ẹfun, osùn, aró àti amọ̀ wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹrù nìkan kì í ṣe ìwòsàn. Ó yẹ kí àkókò rẹ̀ dá dúró lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí olùkọ́ kan náà sì máa wà níbẹ̀. A kì í fi máàkì sí i. A kì í fi ipá mú ọmọ ya ìjínigbé. Bí ó bá fẹ́ ya ewúrẹ́ ìyá rẹ̀, kí ó yà á. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ túmọ̀ àwòrán fún ọmọ. Kí ó wulẹ̀ ní, "Sọ fún mi nípa rẹ̀," kí ó sì gbọ́. Kò gbọdọ̀ gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri tàbí kí ó yà á ní fọ́tò fún àwọn aláàánú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ àti òbí rẹ̀.

Bí oorun kò bá wá lẹ́yìn oṣù kan, tàbí tí ọmọ ń sọ̀rọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọ̀dà. Ó di dandan kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, bí àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Ádó. Pépà kò lè rọ́pò dókítà, kò sì lè lé ajínigbé kúrò lójú ọ̀nà. Àmọ́ fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì là, ó lè jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.