Ewé Tíì: Orúkọ Ewéko Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá ní ilẹ̀ Yorùbá, ewéko kan wà tí ó máa ń hù ní ìdìpọ̀ lẹ́bàá ògiri. Ewé rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ a máa ya ọwọ́, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ọsàn wẹ́wẹ́. Ewé tíì ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn a máa pè é ní koóko ọba. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ibi tí ó ti wá, ìdáhùn tí ó sábà máa ń rí gbà ni pé ewé àwọn baba ńlá ni. Orúkọ ewéko náà gan-an ń ta ko ìdáhùn yìí.

Ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ‘tíì’. Orúkọ náà kò lè ṣáájú ìgbà tí àwọn Yorùbá bá àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàdé. Láti 1839 ni àwọn Sàró, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá àṣà Gẹ̀ẹ́sì mọ́ra ní Freetown, ti ń padà wálé. Àwọn ajíhìnrere CMS sì wọ Abẹ́òkúta ní 1846. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé, ìtumọ̀ rẹ̀ fẹ̀ sí i. Ẹni tí ó po Milo tàbí Ovaltine yóò ní tíì ni òun ń mu. Tíì ti di orúkọ ọ̀nà ìgbàmu: ohun gbígbóná, nínú ife, pẹ̀lú ṣúgà, ní òwúrọ̀. Ewé tíì, nígbà náà, ni ewé tí wọ́n ń mu bí ẹni mu tíì. Kò bá igi tíì gan-an, tí wọ́n ń gbìn ní orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, tan rárá.

Éṣíà ni orírun ewéko yìí. Otto Stapf ni ó sọ ọ́ ní Cymbopogon citratus ní 1906. Kì í sábà yọ òdòdó. Pípín ni wọ́n ń pín ìdí rẹ̀ gbìn, nítorí náà ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e láti àgbàlá dé àgbàlá.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àgbo àti tíì ṣe kókó níhìn-ín. Sísè ni wọ́n ń se àgbo nínú ìkòkò. Wọ́n a máa bu omi sí i, wọ́n a sì tún un sè fún ọjọ́ mélòó kan. Aláìsàn ni ó ni ín, kò sì sí ẹni tí ń retí kí ó dùn. Ti tíì yàtọ̀. Wọ́n á gé ewé tútù, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sínú ife ńlá, wọ́n á da omi híhó lé e, wọ́n á sì dé e fún bí ìṣẹ́jú 10. Dídé yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òróró tí ó ní òórùn náà a máa bá ooru omi lọ. Ìlera kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti mu ún.

Síbẹ̀ ewé kan náà ń bẹ nínú ìkòkò àgbo ibà, pẹ̀lú dongoyaro, ewé máńgòrò àti ewé ìbẹ́pẹ. Àlejò ni gbogbo wọn. Íńdíà ni dongoyaro ti wá, orúkọ Haúsá tí ó ń jẹ́ sì fi ọ̀nà tí ó gbà dé ìhà gúúsù hàn; láti Éṣíà ni máńgòrò ti wá, ìbẹ́pẹ sì ti Amẹ́ríkà wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ewé ni àwọn oníṣègùn wò kí wọ́n tó gbà á sínú ìkòkò.

Ní Kúbà, caña santa, ìrèké mímọ́, ni ewéko yìí ń jẹ́. Capim-santo, koríko mímọ́, ni ní Bràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń mu ún kí wọ́n lè sùn. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Bràsíìlì tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde: wọ́n fún àwọn ènìyàn ní tíì rẹ̀ mu, kò pa wọ́n lára, kò sì mú wọn sùn. Ìwádìí náà kò kan ti ibà.