Fífi Ìyá Búni Lórí Pápá: Àṣekágbá Ife Àgbáyé Ọdún 2006

Òfin bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ka èébú sí ẹ̀ṣẹ̀ tí rẹfirí lè torí rẹ̀ fa káàdì pupa yọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ojú ló fi ń ṣọ́ pápá ju etí lọ, ẹni tó fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ ni ọwọ́ òfin sábà máa ń tẹ̀, tí ẹni tó fi ẹnu ṣẹ̀ á sì mú un jẹ. Àṣekágbá Ife Àgbáyé tí Faransé àti Ítálì gbá ní Berlin, olú-ìlú Jámánì, ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2006, jẹ́ kí gbogbo ayé rí ìṣòro yìí kedere.

Zinedine Zidane, balógun ikọ̀ Faransé, gbá pẹ́náritì wọlé ní ìṣẹ́jú keje. Marco Materazzi, adẹ́yìnmú Ítálì, sì fi orí kan èyí tó dá a padà ní ìṣẹ́jú 19. Ní ìṣẹ́jú 110, nínú àfikún àkókò, Materazzi di Zidane lẹ́wù mú, wọ́n sọ̀rọ̀ síra wọn, Zidane sì ti ń bá tirẹ̀ lọ kó tó yíjú padà, tó sì fi orí kan ọkùnrin náà láyà títí tó fi ṣubú. Rẹfirí Horacio Elizondo kò rí i, nítorí ibòmíràn ni bọ́ọ̀lù wà. Rẹfirí kẹrin ló ta á lólobó. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì pupa ṣe lé Zidane kúrò nínú bọ́ọ̀lù tó gbá kẹ́yìn, tí Ítálì sì fi pẹ́náritì 5 sí 3 gba ife.

Ìtàn ìdílé Zidane lè ràn wá lọ́wọ́ láti lóye ìbínú rẹ̀: àwọn òbí rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Kabyle, ẹ̀yà Berber tó ń gbé orí òkè ní àríwá Àlgéríà. Pierre Bourdieu, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣàlàyé pé ohun méjì ni iyì ọkùnrin rọ̀ mọ́ láàárín wọn: nif, ìyẹn àìgbà kí wọ́n fi ìwọ̀sí loni láìfèsì, àti ḥurma, ìyẹn ọ̀wọ̀ ilé, pàápàá jù lọ ti àwọn obìnrin ilé, tí àjèjì kò gbọdọ̀ fẹnu bà. Kò tọ̀nà láti sọ pé àṣà yìí ló rán Zidane níṣẹ́, nítorí Marseille ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Síbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àṣà náà.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, Zidane sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀rọ̀ tí Materazzi sọ kan ìyá àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó ń wòran, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti kábàámọ̀. Materazzi ní òun kò bú ìyá ẹnikẹ́ni, nítorí ìyá tòun ti kú nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn náà ló gbà pé ẹ̀gbọ́n náà ni òun dárúkọ. Àwáwí yìí ló burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó mọ̀ pé ìyá kò ṣeé bú, tó wá ka obìnrin mìíràn sí ẹni tí a lè sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí, kò tíì bọ̀wọ̀ fún obìnrin, ìyá tirẹ̀ nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún.

Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, àjọ FIFA fìyà jẹ àwọn méjèèjì: ìfòfindè ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àti owó ìtanràn 7,500 fráǹkì Switzerland fún Zidane, méjì àti 5,000 fún Materazzi. Ìdájọ́ náà gbà pé ẹnu tó ṣẹ̀ yẹ fún ìyà, ohun tó sì tọ́ nìyẹn. Àwọn méjèèjì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ FIFA, ṣùgbọ́n ìjìyà náà kò pa á láṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ jà.