Nọ́ḿbà Owó Orí Ilé-Iṣẹ́ ní Nàìjíríà: Bó Ṣe Dé àti Bí A Ṣe Ń Wá A

Ilé-iṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà kan tí ìjọba fi ń dá a mọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ owó orí. TIN ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Òun ni báńkì ń béèrè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún ilé-iṣẹ́, òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba fún ènìyàn, òun náà ló sì ń wà lórí ìwé gbogbo owó orí tí ilé-iṣẹ́ bá san. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ni kò mọ nọ́ḿbà tirẹ̀. Lọ́yà tàbí akáńtáǹtì tó bá wọn forúkọ sílẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ẹni yẹn náà ló sì wà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé oníṣòwò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé wọ́n ṣe nọ́ḿbà yìí kí ilé-iṣẹ́ má baà wà lábẹ́ ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú ìwé rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ènìyàn ni ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ bu owó orí lé, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé owó orí tuntun dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, ogun ló dá sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Ogun Adúbì. Àwọn ará oko hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, ìjọba sì kó sójà tì wọ́n. Ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, tún dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ náà kò sì rọlẹ̀ títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kínní ọdún 1949. Rìsíìtì ni ẹ̀rí nígbà náà. Ẹni tó bá sọ rìsíìtì tirẹ̀ nù lójú ọ̀nà oko, agbowó-orí lè ní kò san, kò sì sí nọ́ḿbà kankan tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ra kòkó àti èkùrọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ń san owó ibodè lórí ẹrù wọn, ṣùgbọ́n ọdún 1939 ni òfin tó bu owó orí lé èrè ilé-iṣẹ́ tó dé. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 21 lẹ́yìn tí wọ́n ti rán sójà sí àgbẹ̀ Ẹ̀gbá nítorí owó orí ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè tirẹ̀ nínú èrè àwọn bíi UAC àti John Holt. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni ọ́fíìsì tó ń gba owó náà ti ń pààrọ̀ orúkọ. Ní 1943, wọ́n yọ ẹ̀ka owó orí Nàìjíríà kúrò lára èyí tó ń bójú tó àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ní 1958, wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó orí ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Ní 1961, òfin owó orí ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà olómìnira jáde, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì dá Joint Tax Board sílẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ẹkùn lè máa fikùn lukùn. FIRS, ọ́fíìsì tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, dé ní 1993, òfin ọdún 2007 sì sọ ọ́ di àjọ tó dá dúró.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, inú fáìlì ni ilé-iṣẹ́ wà. Fáìlì náà ní nọ́ḿbà o, ṣùgbọ́n ti ọ́fíìsì tó ṣí i ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá kó láti Yaba lọ sí Ìkẹjà ní láti bẹ̀bẹ̀ kí fáìlì rẹ̀ tẹ̀lé e. Bí fáìlì bá sọnù, ilé-iṣẹ́ náà di àjèjì lójú àwọn tó ti ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù Kínní ọdún 1994, owó orí ọjà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VAT bẹ̀rẹ̀, òun náà sì mú nọ́ḿbà tirẹ̀ wá. Báyìí ni ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe wá ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan lórí fáìlì owó orí èrè, ọ̀kan lórí ìwé VAT. Kò sì sí èyí tó mọ èkejì.

Òfin 2007 ló fún FIRS ní àṣẹ láti máa fún gbogbo asanwó-orí ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àjọ owó orí ìpínlẹ̀. Joint Tax Board sì gbé ètò ti ara rẹ̀ kalẹ̀ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan àti àwọn oníṣòwò kéékèèké. Èyí ló fà á tí a fi ń rí oríṣi nọ́ḿbà méjì ṣáájú ọdún 2026: ti FIRS jẹ́ díjíìtì mẹ́jọ, ìlà kékeré kan, àti 0001 lẹ́yìn rẹ̀, ti Joint Tax Board jẹ́ díjíìtì mẹ́wàá láìsí ìlà. Ẹni tó bá ní èyí kan tí wọ́n sì ń béèrè èkejì lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì ṣe àṣìṣe kankan.

Òfin ìnáwó ọdún 2019, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kínní ọdún 2020, ló wá fún nọ́ḿbà náà ní agbára. Ó ní gbogbo ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní TIN, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sórí ìwé tí wọ́n bá fi ń ṣòwò pẹ̀lú ẹlòmíràn àti èyí tí wọ́n bá ń kọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ó ní báńkì kò gbọdọ̀ ṣí àkáǹtì fún ilé-iṣẹ́ tí kò ní in, èyí tó sì ti ní àkáǹtì tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ mú un wá kí ó tó lè máa lo àkáǹtì náà lọ. Nítorí náà, nọ́ḿbà yìí kì í ṣe àṣírí. Ohun tó jẹ́ àṣírí ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọlé sí orí ètò owó orí. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa ló ń ṣe é ní òdìkejì: wọ́n á gbé nọ́ḿbà pamọ́, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà lé aṣojú lọ́wọ́.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù ni nọ́ḿbà RC, tí wọ́n máa ń rò pé TIN ni. CAC, tí òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 1990 dá sílẹ̀, ló ń fúnni ní RC. Ó ń fi hàn pé ilé-iṣẹ́ náà wà lójú òfin, kò sì fi hàn pé ó ti san kọ́bọ̀ kan. Àwọn tó forúkọ òwò lásán sílẹ̀, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ gan-an, BN ló ń wà níwájú nọ́ḿbà tiwọn.

Ẹni tó bá ń wá TIN ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mú ìwé-ẹ̀rí CAC jáde. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, CAC àti àjọ owó orí ti so ètò wọn pọ̀, TIN sì máa ń wà lára ìwé-ẹ̀rí tuntun. Bí ìwé-ẹ̀rí bá ti pẹ́, kí ó wo ìwé tó fi hàn pé ó ti san owó orí ọdún mẹ́ta, ìyẹn tax clearance, tàbí rìsíìtì owó orí èyíkéyìí. Ẹni tó ti ń lo TaxPro Max, ètò owó orí orí íntánẹ́ẹ̀tì tí FIRS gbé jáde ní 2021, yóò rí i níbẹ̀ nígbà tó bá wọlé. Bí gbogbo èyí kò bá sí, ojú ìwé àyẹ̀wò TIN wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti lè fi nọ́ḿbà RC wá a. Ẹ fi orúkọ tó jáde wé ti inú ìwé-ẹ̀rí dáadáa, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan. Bí kò bá jáde rárá, kí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ kó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dání lọ sí ọ́fíìsì owó orí tó sún mọ́ ọn. Ní tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó fún aṣojú nítorí kí ó lè mọ nọ́ḿbà ara rẹ̀.

Ibi tí nọ́ḿbà tí kò tọ̀nà ti ń dunni jù ni owó orí tí oníbàárà ń yọ kúrò kí ó tó sanwó iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní withholding tax. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn kun ọ́fíìsì fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ Èkó yóò yọ díẹ̀ nínú owó náà, yóò san án fún ìjọba lórúkọ ará Ìbàdàn, èyí yóò sì dín owó orí tí ará Ìbàdàn máa san ní ìparí ọdún kù. Ṣùgbọ́n TIN ni ó ń darí owó náà. Bí díjíìtì kan bá yí, àkáǹtì owó orí ẹlòmíràn ni owó òógùn rẹ̀ yóò bọ́ sí, yóò sì di ìwé kíkọ àti ìlọ-bọ̀ kí ó tó padà. Ìlànà ọdún 2024 tún wá fi kún un pé ẹni tí kò bá ní TIN, ìlọ́po méjì ni kí wọ́n yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, ìyẹn lè jẹ́ gbogbo èrè iṣẹ́ kan.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun mẹ́rin. Lábẹ́ wọn, Nigeria Revenue Service gba ipò FIRS, Joint Revenue Board sì gba ipò Joint Tax Board. Ìjọba ṣàlàyé pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2026, NIN, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ni wọn yóò máa fi dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀ nídìí owó orí, nọ́ḿbà CAC, ìyẹn RC, ni ti ilé-iṣẹ́. Ọ̀nà méjì tó ti yà tipẹ́ wá fẹ́ papọ̀. Àmọ́ owó tí ilé-iṣẹ́ ti san láti ẹ̀yìn wá, TIN àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ló sì wà lórí rìsíìtì rẹ̀. Bí ìbéèrè bá dìde lórí ọdún 2022 tàbí 2023, nọ́ḿbà yẹn ni yóò ṣí ìwé náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe jù ú nù. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ RC nínú ìwé ilé-iṣẹ́ yín.