Irin tí Ọwọ́ Kò Lè Tú

Aago mẹ́fà àárọ̀. Òjò ti fi gbogbo òru rọ̀ ní Mushin. Iná dé, àwọn ọmọ inú ilé pariwo "Up NEPA!" bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni wọ́n ti yí orúkọ NEPA padà sí PHCN. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Keje, ọdún 2009 ni, Sátidé sanitéṣọ̀n, ọjọ́ tí gbogbo ilé ń tún àyíká ṣe.

Aago méje. Títì dá páropáro. Nígbà yẹn, ọkọ̀ kì í rìn l'Ékòó lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ títí di aago mẹ́wàá. Mo ń kó ẹrọ̀fọ̀ gọ́tà, mi ò wọ bàtà.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Omi tán nínú garawa. Mo lọ sídìí kànga, níbi ẹ̀rọ tó ń fa omi. Wáyà rẹ̀ ti bó, ọ̀rá ni wọ́n fi wé e. Gbogbo wa la mọ̀, ojoojúmọ́ la sì ń sọ pé a ó pe rewáyà. Mo di irin ẹ̀rọ náà mú.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò jù ú sílẹ̀. Kò ṣeé jù sílẹ̀. Iná ilé wa, vóòtì 230, ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá gba inú apá kọjá, gbogbo iṣan á kákò lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń pa ọwọ́ dé sì lágbára ju àwọn tó ń ṣí i lọ. Bí mo ṣe ń bẹ ìka mi pé kó tú, bẹ́ẹ̀ ló ń fún irin náà mọ́ra. Ara mi tutù, ẹsẹ̀ mi wà nínú omi: èmi fúnra mi ni mo lanà fún iná. Mo gbọ́ igbe kan bíi ti màlúù. Èmi ni mo ń ké.

Bàbá kan tó ń ṣe vọ́kánáísà, aládùúgbò wa, kò sáré sọ́dọ̀ mi. Ìdí mítà ló sáré lọ. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Ó pa iná, mo sì ṣubú. Ká ní ó dì mí mú ni, àwa méjèèjì ni ì bá gbé.

Aago mẹ́sàn-án. Ìyá onílé gbé epo pupa wá. Kò sí ọkọ̀. Bàbá náà fi èjìká gbé mi ró, ó ní, "Ọmọ mi, máa sọ̀rọ̀, má dákẹ́."

Aago mẹ́wàá ààbọ̀, a dé ọsibítù. Ojú egbò àtẹ́lẹwọ́ mi kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Dókítà ní kí n má wo ìyẹn, inú lọ̀ràn wà. Wọ́n so wáyà mọ́ àyà mi láti yẹ ọkàn wò, nítorí iná kékeré ni ọkàn fúnra rẹ̀ fi ń lù, iná ńlá sì lè da ìlù rẹ̀ rú. Ó ní bí ìtọ̀ mi bá dúdú bíi tíì, kí n padà wá kíákíá: iṣan tó jóná ló máa ń fa bẹ́ẹ̀.

Aago méje alẹ́. Iná dé, àwọn ọmọ pariwo. Gbogbo ara mi gbọ̀n.

Òru. Ìka mi méjì tó kángun ti kú tipiri. Títí dòní, bí òtútù bá mú, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n wà níbẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo dúró níwájú fíríìjì wa pẹ́ títí, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni mo na sí i, mo sì fà á padà. Àbúrò mi ló jí, ló bá mi ṣí i.