Èédú Enugu: Àwọn Tó Wà Á, àti Ohun Tó Gbà Lọ́wọ́ Wọn

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba Coal Camp kọjá lójoojúmọ́. A ń ra páàtì ọkọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ wa mìíràn tiẹ̀ mọ gbogbo ojúlé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀, ìdáhùn wa kì í ju "wọ́n ń wa èédú níbí tẹ́lẹ̀" lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n ń sọ ibẹ̀ lórúkọ, àwọn tó ń wọnú òkè lọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n wò. Àwọn yẹn la fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí.

Ọdún 1909 ni àwọn òyìnbó tó ń wá ohun àlùmọ́nì kiri rí èédú nínú òkè agbègbè Udi. Nígbà tó di 1915, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ní 1916, ojú irin láti Port Harcourt wọ Enugu. Torí èédú ni wọ́n ṣe là á. Port Harcourt fúnra rẹ̀, torí pé wọ́n ń wá ibi tí ọkọ̀ òkun á ti máa gbé èédú ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Èédú Enugu ló ń wa ọkọ̀ ojú irin tó ń kó àwọn bàbá wa láti Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sókè Ọya. Òun náà ni wọ́n ń kó gba ojú òkun lọ sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Ìjọra. Bí iná bá tàn l'Ékòó nígbà náà, ọwọ́ awakùsà Enugu wà nínú ẹ̀.

Báwo wá ni iṣẹ́ náà ṣe rí? Òkè ni wọ́n ń gbẹ́ wọnú, kì í ṣe pé wọ́n ń gbẹ́ kànga. Òṣìṣẹ́ á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé bí ẹni tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé ni. Àwọn kan ń fi díìgà gé èédú. Bí àwọn yẹn ò bá gé, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni máa kó. Àwọn kan ń ti kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n ń kó èédú sí jáde. Àwọn kan ń fi igi ti òkè ihò kó má baà ya lu èèyàn. Òkùnkùn, ooru, omi, eruku dúdú nínú imú: ojoojúmọ́ ni.

Níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn ìjòyè tí ìjọba fi jẹ ló ń kó ọ̀dọ́ ìlú wọn wá, gbajúmọ̀ jù nínú wọn sì ni Onyeama ti Eke. Nínú kùsà, fọ́ọ̀mànù ń gba rìbá kó tó fi èèyàn síbi tó dáa, òyìnbó alábòójútó sì lè na àgbàlagbà tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ta lẹ fẹ́ fẹjọ́ sùn? Ìjọba ló ni kùsà, ìjọba ló ni ọlọ́pàá, ìjọba náà ló ni kóòtù.

Nígbà tó di 1949, ọ̀rọ̀ gbèsè dá wàhálà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti fìgbà kan pín iṣẹ́ fún wọn lọ́jọ́-lọ́jọ́: bí ọjọ́ ò bá kàn ọ́, wàá pa dà sílé láìgba kọ́bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kò bófin mu, kí wọ́n san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn. Okwudili Ojiyi, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ awakùsà, ló ṣáájú wọn. Nínú oṣù kọkànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣẹ́. Wọn ò kúrò níbi iṣẹ́ o, wọ́n kàn ń ṣe é jẹ́jẹ́ ni. Welu nwayo ni wọ́n ń pè é ní èdè Igbo. Ilé iṣẹ́ lé àwọn agédúù kan dà nù. Làwọn yòókù bá ní àwọn ò ní kúrò nínú kùsà.

Ẹ̀rù ba ìjọba pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún òmìnira lè rí ohun abúgbàù tó wà níbẹ̀ lò. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá lọ kó o. Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù kọkànlá, 1949, ni wọ́n dé Iva Valley. Àwọn awakùsà pé jọ, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ra, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin. Ìbọn kankan ò sí lọ́wọ́ wọn. F. S. Philip, ọ̀gá ọlọ́pàá tó jẹ́ òyìnbó, pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 ló kú. Àwọn 51 fara gbọgbẹ́.

Ìròyìn náà mi gbogbo Nàìjíríà. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Aba, Onitsha àti Port Harcourt. L'Ékòó, àwọn olóṣèlú tí kì í bá ara wọn jẹun para pọ̀ dá ìgbìmọ̀ pàjáwìrì sílẹ̀, Dókítà Akínọlá Májà sì ni alága wọn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Sir William Fitzgerald. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ẹ̀gbá, tó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà ní 1958, wà lára wọn. Wọ́n ní Philip ṣi ọ̀rọ̀ náà gbé, àti pé ìjọba sọ ìjà owó iṣẹ́ di ìjà òṣèlú. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Àwọn 21 ò kúkú jí mọ́.

Lẹ́yìn náà, epo rọ̀bì jáde ní Oloibiri ní 1956, reluwé yí sí díísù, ogun abẹ́lé dé ní 1967, omi sì bo àwọn kùsà. Iṣẹ́ èédú ò padà sí bó ṣe wà mọ́. Orúkọ ló kù.

Ẹ̀yin ará wa, ìlú tí àwọn èèyàn yìí fi àyà wọn gbẹ́ jáde là ń jẹ tí à ń mu. A kì í ṣe àlejò ọ̀sán mọ́ níbí. A ti bímọ síbẹ̀, a ti sin òkú síbẹ̀. Nígbà tí aládùúgbò wa bá ń rántí òkú Iva Valley lọ́dọọdún, kò yẹ ká máa wò wọ́n bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn nìkan ni. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ ọ́ nílé. Bàbá tàbí ìyá tó bá sì kù láàárín wa tó bá reluwé tàbí ilé iṣẹ́ èédú ṣiṣẹ́ rí, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá lọ tán, ta la máa bi?

Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún gbogbo wọn.