Ẹrẹ̀ Òkun Tí Wọ́n Gbẹ́ Lọ́dún 1995 Kò Tíì Sọ̀rọ̀ Tán

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Òṣòdì, nílùú Èkó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ níṣẹ́. WMO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, kà á mọ́ àwọn ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ ibẹ̀ kan ará Ìsọlọ̀ gbọ̀ngbọ̀n, pàápàá nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá ṣú tí ojú gọ́tà sì ti dí. Àmọ́ àkọsílẹ̀ òjò tí wọ́n fi ohun èlò wọ̀n ní Èkó kò ré kọjá ayé ìjọba amúnisìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òjò ṣe rí ṣáájú ìgbà náà gbọ́dọ̀ wá ẹlẹ́rìí mìíràn, ìsàlẹ̀ òkun sì ni ẹlẹ́rìí náà wà.

Odò Ọya àti àwọn odò mìíràn ń gbé erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà wọ inú òkun. Wọ́n á rọra rọ̀ sísàlẹ̀, ìpele lórí ìpele, bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ń rọ̀ sí ìdí agbè ẹmu. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun náà á bá wọn rọ̀. Lọ́dún 2007, Syee Weldeab àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ irú ìkarahun bẹ́ẹ̀ wò nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n fà jáde lẹ́bàá Kamẹrúùnù. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ka bí òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù fún 155,000 ọdún.

Ṣáájú èyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, ọkọ̀ ojú omi agbẹ́lẹ̀ kan tó ń jẹ́ JOIDES Resolution lọ sí ojú òkun Gánà àti Côte d'Ivoire. Àwọn onímọ̀ inú rẹ̀ fẹ́ mọ bí ilẹ̀ Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe pínyà. Ní ibùdó kan tí wọ́n pè ní 959, níbi tí omi ti jìn ju 2,000 mítà lọ, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun kọjá 1,000 mítà. Ọmọ Nàìjíríà kan wà nínú wọn: Francisca Oboh-Ikuenobe, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó tó lọ sí Cambridge. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá àfọ́kù ewé, igi àti lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó nínú ẹrẹ̀ náà. Ilé-Ifẹ̀ kò sí létí òkun rárá, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ẹni tó ka ẹrẹ̀ òkun yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Bremen ní Jámánì ni ẹrẹ̀ náà wà báyìí. Wọ́n la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì ní gbọọrọ: ìdajì kan wà fún ìpamọ́, ìdajì kejì ni wọ́n ń gé fún àwọn onímọ̀. Gbogbo èyí tó wà ní Bremen, nínú yàrá tí òtútù rẹ̀ tó 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ju kìlómítà 150 lọ. Bí wọ́n bá tò ó láti Òṣòdì, yóò kọjá Ìbàdàn.

Ohun tó yani lẹ́nu ni iye ìgbà tí wọ́n ti padà sí ẹrẹ̀ 959. Lọ́dún 2005, ìwé ìwádìí kan jáde nínú Nature, tó fi í ka bí odò Áfíríkà ṣe ń ya wọ òkun láyé àwọn ẹranko dáínósọ̀. Lọ́dún 2018, Margot Cramwinckel ti Yunifásítì Utrecht àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í wọn bí òkun ilẹ̀ olóoru ṣe gbóná tó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rá àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 1995, ọgbọ́n yìí kò tíì sí. Ọdún 2002 ni wọ́n gbé e jáde. Ká ní wọ́n ti da ẹrẹ̀ náà nù lẹ́yìn ìrìn-àjò àkọ́kọ́, kí ni wọn ìbá fi dán an wò?

JOIDES Resolution ti kógbá wọlé lọ́dún 2024, Amẹ́ríkà kò sì tíì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí ló mú kí ẹrẹ̀ tó wà nípamọ́ níyì sí i. Láti 2007 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ti wà ní Bremen, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹrẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ẹni pé wọ́n wà nínú ọkọ̀. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ onímọ̀ fún ẹrẹ̀ tí wọ́n bá gé fún un, ì báà jẹ́ ará Jámánì tàbí ará Èkó. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, iye tí onímọ̀ fẹ́ àti ibi tí yóò ti gé e ni wọ́n ń fẹ́ rí nínú ìwé tó bá kọ sí wọn. Àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń ka òjò ọ̀la ní Òṣòdì lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa òjò àtijọ́, bí ẹnìkan bá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.