Ibi Tí Alápàńdẹ̀dẹ̀ Ń Lọ

Bí ìgbà ooru bá ń parí lọ ní etíkun àríwá Yúróòpù, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, alápàńdẹ̀dẹ̀ a máa wọ́ tìrítìrí lọ sínú irà. Ní àṣálẹ́, wọn a fò yí orí omi ká, wọn a sì bà lé koríko gíga inú rẹ̀ láti sùn. Bí ó bá wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a kì yóò rí ẹyọ kan mọ́.

Níbo ni wọ́n gbà lọ? Ní ọdún 1555, Olaus Magnus, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń sùn sí, àti pé àwọ̀n àwọn apẹja a máa fà wọ́n jáde, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ojú wọn kò purọ́: wọ́n rí ẹyẹ tó wọ inú irà, wọn kò sì rí ibi tó gbà jáde.

Ẹyẹ mìíràn ló mú ẹ̀rí wá. Ní ọdún 1822, wọ́n yìnbọn pa àkọ̀ kan nítòsí Klütz, lẹ́bàá etíkun Jámánì. Ọfà gígùn kan ti gún un lọ́rùn kọjá. Igi ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi ṣe ọfà náà. Ẹyẹ náà ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní.

Ní ti alápàńdẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀, oṣù karùn-ún ọdún 1911 ni John Masefield fi òrùka sí ẹsẹ̀ ọ̀kan ní Staffordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, wọ́n mú un ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ omi parí.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó wà létí irà lọ́hùn-ún rí ìlọ àwọn ẹyẹ. Ọdẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí dídé wọn. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ ọlọ́fà náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló dáhùn ìbéèrè náà láìmọ̀.

Lónìí, ní Ebbaken-Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ láti Yúróòpù a máa sùn lọ́pọ̀ yanturu sórí òkè koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé méjì ni ẹyẹ yìí ní. Bí wọ́n bá dí irà lọ́hùn-ún, tàbí bí a bá ba òkè jẹ́ níhìn-ín, ilé méjèèjì ló máa ṣófo.